Iná Tó Lọ Kò Kú

Nígbà ìsinmi tó kọjá, bàbá mi ń tún ilé wa ní Jos ṣe. Iná ti lọ láti àárọ̀. Bọ̀ọ̀dá oníná ń so wáyà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ pa swíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ sùkúù! Ṣé iná wà ni?"

Mo ṣáà lọ pa á. Kò pẹ́, àdúgbò pariwo: "Up NEPA!" Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè: "Àbúrò, ṣé o ti pa á?"

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iná tó lọ kò kú o.