Alẹ́ Tí Bọ́ílà Kò Sùn

Iṣẹ́ bọ́ílà ni mo fi ń jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ìgbà òtútù kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ilé bá kọ̀ tí kò gbóná nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan bọ́ílà kẹ́yìn ni tọmọdé tàgbà yóò máa pè, wọn kò sì ní í fi orúkọ náà gbàdúrà.

Lọ́dún 2012, Dádì ra ilé kan ní Kent. Dádì kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ojú bàbá ni gbogbo àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò náà sì fi ń wò wọ́n. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n lọ́dún tó ṣáájú, ó sì mú ẹsẹ̀ òsì wọn lọ. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ bí ẹ gún un lábẹ́rẹ́, wọn kò ní í mọ̀. Àwọn tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ní bí wọ́n bá ń rìn nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi yóò bá wọn gbé ara, ẹsẹ̀ yóò sì máa rántí iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ilé tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òrùlé.

Mọ́mì ò fẹ́ ẹ. “Èmi ò bá yín ra odò o,” ni wọ́n wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Adágún náà gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, ó sì jìn tó mítà kan ààbọ̀. Lítà omi 48,000 nìyẹn. Bọ́ílà ilé kò ju kílówáàtì 24 lọ. Kí omi náà tó fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan péré gbóná sí i, bọ́ílà yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ, kò sì ní í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kí wá ni rẹdiétọ̀ inú ilé yóò jẹ? Ẹ̀wù òtútù ni Mọ́mì ń wọ̀ dáná. “Àṣé omi la ra ilé fún, a ò rà á fún èèyàn!”

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Lójú mi, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Omi bọ́ílà àti omi adágún kì í pò pọ̀, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ omi adágún mọ́ yóò jẹ bọ́ílà run. Inú àgbá irin kékeré kan ni wọ́n ti ń pàdé, bí orogún méjì tí ògiri wà láàárín wọn: ooru ń kọjá, omi kò kọjá. Mo fi fáàfù sójú ọ̀nà àgbá náà. Mo so tẹ́mósítáàtì mọ́ páìpù tó ń ti inú adágún bọ̀, mo fi í sí 30. Mo wá fi aago pín ooru: láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́sàn-án, ilé ló ni í, láti márùn-ún ìrọ̀lẹ́ di mẹ́wàá, ilé náà ni. Láti mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, kí adágún máa mu tirẹ̀. Ilé gbóná, Mọ́mì bọ́ ẹ̀wù òtútù, wọ́n fi ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹta ni fóònù dún ní kùtùkùtù. Mọ́mì ni. “Máa bọ̀ kíákíá.”

Oorun ló dá lójú Dádì. Kí aago mẹ́fà tó lù ni wọ́n tẹ bọ́tìnì, ìbòrí adágún ká kúrò, wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn inú omi, ẹsẹ̀ òsì wọn dojú kọ ihò tí omi ń gbà wọlé. Ní mẹ́fà gééré, pọ́ǹpù ṣíṣẹ́. Omi gbígbóná janjan tú jáde. Ẹsẹ̀ ò mọ̀. Mọ́mì tó mú aṣọ ìnura wá ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọmi, ni wọ́n bá figbe ta, tí wọ́n sì wọ́ Dádì sẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ náà pọ́n láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò léròrò. Mo wọ yàrá ẹ̀rọ. Páìpù oníke tó jáde láti inú àgbá ti rọ̀, ó ti tẹ̀ kọrọdọ. Ìgbà náà ló yé mi. Mo to aago bọ́ílà, n kò wo aago pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ti sùn láti òru aago méjìlá. Omi inú páìpù dúró sójú kan, òtútù yàrá ẹ̀rọ mú un, tẹ́mósítáàtì rò pé gbogbo adágún ló tutù, ó sì ń ké sí bọ́ílà. Bọ́ílà ń jó gáàsì mọ́jú, ìwọ̀nba omi tó há sínú àgbá ló ń sè.

Dádì rí ojú mi. “Ilé àtijọ́ ni, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Má da ara rẹ láàmú.”

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún mi? Ẹnu mi ti là láti ṣe àmín. Mo bá tún wo ẹsẹ̀ yẹn.

“Dádì, èmi ni. Fáàfù yẹ kó dúró de pọ́ǹpù. N kò so wọ́n pọ̀.”

Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: “Tún un ṣe.”

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, owó àpò mi ni. Iná fáàfù wá ń gba ara pọ́ǹpù kọjá: bí pọ́ǹpù ò bá ṣiṣẹ́, bọ́ílà ò gbọdọ̀ dá adágún lóhùn. Mo fi súìṣì kan sínú páìpù tó ń mọ̀ bóyá omi ń ṣàn lóòótọ́, torí pọ́ǹpù lè máa kùn lásán. Mo fi tẹ́mósítáàtì kejì síwájú àgbá, tó ń paná bí omi bá ti kọjá 40. Mo sì jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí bọ́ílà bá ti dákẹ́, kó lè kó ooru tó ṣẹ́ kù lọ.

Títí wọ́n fi ta ilé náà lọ́dún 2019, Dádì ò wọ omi láìjẹ́ pé Mọ́mì kọ́kọ́ ti ọwọ́ wọn bọ̀ ọ́. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, “Mọ́mì, kò tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́.” Wọ́n ní mo ti gbọ́, kí n lọ jókòó, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì.