Ẹṣin Bàbá Àgbà

Nínú agbolé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta, Bàbá àgbà ní ẹṣin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ààrẹ. Ẹṣin kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, nítorí eṣinṣin kan wà nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko, tó sì ń kó àrùn ràn wọ́n. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí Ààrẹ bá ti jáde, gbogbo ọmọdé àdúgbò ni yóò tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó àti àwọn tó ń jẹ oyè a máa háyà rẹ̀. Bí a bá ti ṣe Iléyá tán, a ó mú un lọ sí Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti máa ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀. Èmi ni mo ń bu omi fún un, èmi ni mo sì ń nu gàárì rẹ̀.

Ọdún tí mo wà ní SS3 ni Ààrẹ kó sí gọ́tà, tí egungun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì kán. Dókítà ẹranko wò ó, ó ní kò lè jinná mọ́. Ó ní ohun tó dára jù ni kí àwọn fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi kú láìjẹ̀rora, kí a sì sin ín, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran tí a bá fún ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà béèrè iye owó rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́, ó dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọ agbolé wa. Ó ní òun yóò ra ẹṣin náà fún pípa. Bàbá àgbà ní, “Ta ni yóò jẹ ẹṣin?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má dààmú, bàbá. Bí a bá ti gé e tán, wọn ò ní mọ̀ pé ẹṣin ni.”

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọn yóò parí gbígba owó ìdánwò WAEC ní ilé-ìwé wa. Màmá mi kò tíì rí owó tèmi. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde. Bàbá àgbà gba owó náà. Ní kùtùkùtù, wọ́n fi okùn wọ́ Ààrẹ sínú ọkọ̀ akẹ́rù lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní ọ̀sán, mo san owó ìdánwò mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ohun tí òfin wí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ní abala 495, tó sọ pé ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko lè lo oṣù mẹ́fà ní ẹ̀wọ̀n. Abala náà kò sọ pé kí a má pa ẹṣin jẹ. Ìyà ni ó ń bá wí. Bí wọ́n ṣe wọ́ Ààrẹ yẹn, ìyà ni.

Mo kà nípa ibòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1998, àwọn ará California ní Amẹ́ríkà dìbò, wọ́n sì fi òfin de pípa ẹṣin fún jíjẹ. Ní Fáransé, ẹran bí ẹran ni wọ́n ka ẹṣin sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, ariwo ta ní Yúróòpù nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹṣin nínú oúnjẹ tí wọ́n kọ ẹran màlúù sí lára. Ẹ̀rù tó bà wọ́n ni pé oògùn ìrora tí wọ́n máa ń fún ẹṣin lè ṣe ènìyàn níbi. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn, mo sì rántí gbogbo abẹ́rẹ́ tí Ààrẹ ti gbà.

Nítòsí wa, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ará Ṣáínà máa ń se awọ rẹ̀ di oògùn tí wọ́n ń pè ní ejiao. Nígbà tí awọ náà di ọ̀wọ́n, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn tálákà tó fi ń pọn omi, tó fi ń ru igi. Ní ọdún 2016, Niger àti Burkina Faso fi òfin de kíkó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sókè òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a má ṣe pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ mọ́ fún ọdún 15. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Olùkọ́ wa kan bi mí pé, “Ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣé òun kì í ké ni?” Ìbéèrè náà le, nítorí mo ń jẹ ewúrẹ́. Ìdáhùn mi ni pé a kì í gun ewúrẹ́ lọ sóde ayẹyẹ, a kì í sì í fi orúkọ oyè pè é. Ẹranko tí a ti fi ṣiṣẹ́ títí agbára rẹ̀ fi tán, ó kéré tán, a jẹ ẹ́ ní gbèsè ikú ìrọ̀rùn.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́. Ká ní òfin wà lọ́jọ́ náà pé a kò gbọdọ̀ ta ẹṣin fún pípa, ọkùnrin náà ìbá kàn wá ní òru ni. Òfin tó bá sọ fún arúgbó pé “má tà á,” tí kò sì sọ ohun tí yóò ṣe, ìdajì òfin ni. Èyí tí mo fẹ́ ni kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní dókítà ẹranko tí yóò fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá sì ta ẹran ẹṣin ní orúkọ màlúù jìyà rẹ̀.

Mo yege nínú ìdánwò náà. Bàbá àgbà kò ra ẹṣin mìíràn, ṣùgbọ́n gàárì Ààrẹ ṣì wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Nígbà tí mo mú èsì ìdánwò lọ fún un, ó di ìwé náà mú pẹ́, ó wo ògiri, ó ní, “Ààrẹ ló gbé ọ débẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú àkísà, mo sì nu eruku orí gàárì náà.