Lọ́fíńdà ìyá mi ni àbí tọmọ mi?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Lọ́fíńdà ló gba oorun lójú mi kí ìgbéyàwó ọmọ mi tó dé. Èmi ni màá fi nǹkan olóòórùn dídùn pa á lára kó tó jáde nílé wa ní Lálúpọn, bí ìyá mi ṣe ṣe fún mi.

Nígbà tí ìyá mi ti Mẹ́kà dé, ìgò òróró róòsì kan báyìí, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ló mú bọ̀. Wọ́n ní láti Taif ni, ìlú orí òkè tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Mẹ́kà, níbi tí wọ́n ti ń já òdòdó náà ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Bó bá ti fẹ́ tán, a rán alálàájì tó ń lọ pé kó bá òun ra òmíràn. Gaàrí ni ìyá mi ń yan. Èéfín ń bẹ lára ẹ̀, òórùn omi ẹ̀gẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan òróró yẹn sẹ́yìn etí lálẹ́, gbogbo yàrá ló ń ta sánsán.

Ọmọ mi ní òun ò fẹ́. "Mọ́mì, òórùn àwọn àlàájà àgbà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fọ́n ni kẹ́ ẹ rà." Róòsì kan náà lòun náà o!

Mo bá wọkọ̀ lọ sí Ìwó Róòdù. Mo ní kí oníṣòwò fọ́n tọmọ mi sí mi lọ́wọ́ òsì, kó fi olóròóró kan tọ̀tún. Nígbà tí mò ń padà, a ò tíì kọjá Mọnátán tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó fín lọ́fíńdà nínú ọkọ̀. Ti òsì ni wọ́n ń gbọ́. Ọtí inú ẹ̀ ló ń tètè gbé òórùn náà jáde. Ká tó dé Ọlọ́dó, ó ti ń rẹlẹ̀. Ọ̀tún ò pariwo ní tiẹ̀, àfi ẹni tó bá sún mọ́ mi. Ilẹ̀ ṣú, mo fọ abọ́ tán, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́, mi ò gbà pé ojúlówó Taif ni wọ́n tà fún mi. Òdòdó tó tó kìló 3,000 sí 4,000 ló ń lọ sí kìló kan òróró róòsì. Owó tí mo san ò tó bẹ́ẹ̀. Bóyá tìyá mi gan-an... ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, mo ní kó fọ́n tiẹ̀ sáṣọ bó ṣe wù ú, ẹ̀yìn etí ni tèmi. Ó fajú ro. Bí mo ṣe kàn án báyìí, ó dákẹ́ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ó jọ Ìyá àgbà."

Ni omi bá bọ́ lójú àwa méjèèjì, gbogbo tíróò ojú ìyàwó bà jẹ́. Ẹni tó kùn ún fún un ṣì ń bínú sí mi.