Ẹ̀rù Tí Ó Mọ Orúkọ Ẹni

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ni ó sì kọ́kọ́ gbé e fún pé kí n bá òun kà á. Ọba Arthur ni olórí ìtàn náà, ọba ilẹ̀ Bìrìtéènì àtijọ́ tí wọ́n ní ó fa idà yọ nínú òkúta nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ọmọ ọba ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọmọ yìí, ohun kan dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún tí ọwọ́ ti yọ jáde láti na idà kejì sí ọba náà. Ohun náà ti wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó wà. Kò lójú, kò lẹ́nu, kò sì bìkítà bóyá ènìyàn wà tàbí kò sí. Àwọn akọni ọba ń wá ife mímọ́ kiri inú igbó, wọn kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ohun yìí ni gbogbo ìrìn wọn ń já sí.

"Àǹtí, ẹ má pọ́n mi lé o. Ṣé ó bà yín lẹ́rù?"

Mo ní ìtàn náà dùn, èdè rẹ̀ dán, mi ò sì gbé e sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Ó bi mí pé kí ló fà á. Mi ò rí èsì gúnmọ́ kan fún un lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ so ìtàn Arthur pọ̀ mọ́ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ìtàn Arthur ti pẹ́ láyé: Geoffrey ará Monmouth kọ ọ́ ní èdè Látìn ní nǹkan bí ọdún 1136, Thomas Malory kó o jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, William Caxton sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1485. Irú ẹ̀rù tí ọmọ yìí fi kún un, ọ̀dọ̀ H. P. Lovecraft ló ti wá, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1890, tó kú ní 1937. Ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù, ti Cthulhu, abàmì tó ń sùn nísàlẹ̀ òkun, jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales ní 1928. Ohun tí Lovecraft ń sọ ni pé ayé àti ìràwọ̀ fẹ̀ kọjá òye wa, àti pé ohun tó ń gbé inú fífẹ̀ náà kò fẹ́ràn wa, kò sì kórìíra wa. Bí ẹsẹ̀ ṣe rí sí èèrà, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rí sí wa. Arthur Machen, ọmọ Wales tí Lovecraft yìn gidigidi, kọ ìtàn ẹ̀rù, ó sì tún kọ ìwé lórí ife mímọ́ náà, The Secret Glory, ní 1922. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Amẹ́ríkà, Chaosium, ló gbé eré orí tábìlì ti Cthulhu jáde ní 1981, tó tún gbé ti Arthur, Pendragon, jáde ní 1985.

Mo padà sọ́dọ̀ Malory láti wò ó bóyá ẹ̀rù wà nínú ìtàn náà kí Lovecraft tó dé. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí Lancelot, akọni tó lágbára jù láàfin Arthur, sún mọ́ yàrá tí ife mímọ́ wà, èémí kan tó dà bí iná kọ lù ú lójú. Ó ṣubú lulẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ bí òkú fún ọjọ́ 24. Nígbà tó jí, ó gbà pé ọdún 24 tí òun fi gbé nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ náà san. Ibẹ̀ ni mo ti dúró, tí mo tún un kà. Ohun tó wà nínú yàrá yẹn kọjá òye, kò ṣeé wò lójú, síbẹ̀ ó mọ Lancelot. Ó mọ ohun tó ṣe, ó mọ iye ọdún tó fi ṣe é.

Ìmọ̀ yẹn ni Lovecraft yọ kúrò, òun náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ kúrò. Bí ohun kan kò bá mọ̀ mí, ó lè pa mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá mi dé ilé.

Lovecraft alára ní ẹni tí kò kà kún ènìyàn, àwa aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn. Nnedi Okorafor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ World Fantasy Award ní 2011. Ère orí Lovecraft ni wọ́n fi ń ṣe àmì náà nígbà yẹn. Ó kọ̀wé ní gbangba nípa bí ọkàn rẹ̀ ṣe dàrú nígbà tó rí ewì tí ọkùnrin náà kọ láti fi tàbùkù àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 2015 ni wọ́n kéde pé àwọn fi ère náà sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a jó ìwé Lovecraft níná, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ya ẹ̀rù rẹ̀ lò mọ ibi tí apá kan nínú ẹ̀rù náà ti wá.

Ìwé kan wà tó so Arthur pọ̀ mọ́ ẹ̀rù, tó sì bà mí lẹ́rù lóòótọ́: Legendborn, tí Tracy Deonn kọ ní 2020. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan wọ yunifásítì ní North Carolina, ó sì rí i pé àrọ́mọdọ́mọ àwọn akọni Arthur ló ń ṣe ẹgbẹ́ awo níbẹ̀, tí wọ́n ń bá ẹ̀mí èṣù jà lóru. Ẹ̀mí èṣù náà kò dí mi lójú oorun. Ohun tó dí mi lójú oorun ni bí ẹ̀jẹ̀ ọba náà ṣe dé ara ọmọbìnrin yìí: nípasẹ̀ ìyá ńlá rẹ̀ tó jẹ́ ẹrú, tí olówó rẹ̀ fi ipá bá lò. Ìtàn Arthur wá a délé, ó sì pe orúkọ rẹ̀.

Ibí ni Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá, ti yọ sí mi. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn ikú Lovecraft. Bóyá ọkùnrin Òkè-Igbó náà tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Lovecraft rí, kò ṣe pàtàkì. Ó ka ìtàn ìrìn àjò Kristẹni tí Bunyan kọ, èyí tí David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé ní Kúdẹtì nílùú Ìbàdàn níbí, ti túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó sì gbọ́ ìtàn ọdẹ. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ọba kan rán àwọn akọni sí Òkè Lángbòdó láti lọ gba ohun kan wá, ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ àti àwọn yòókù, kálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Bí ẹ bá fún wọn ní tábìlì roboto bíi ti àwọn akọni Arthur, wọn yóò jókòó yí i ká. Kàkó ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo wọn, ju iwin lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ìpè ọba dé. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ, ó sì fi àdá ṣá obìnrin náà pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Malory kò kọ ohun tó le ju èyí lọ nípa iye tí akọni máa ń san kí wọ́n tó máa pè é ní akọni.

Kí ẹgbẹ́ náà tó jáde ni Àkàràògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, ti bá iwin kan tó ń jẹ́ Agbákò pàdé. Ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, fìlà irin wà lórí rẹ̀, ẹ̀wù idẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìrísí yìí lé Lovecraft lọ́wọ́, yóò ní kí ọdẹ náà ya wèrè, kí ìtàn parí síbẹ̀. Àkàràògùn kò ya wèrè. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jọ sọ, kí ìjà tó dé. Nínú Igbó Olódùmarè tó jáde lẹ́yìn náà, ní 1949, ọdẹ kan, Olówó-ayé, bá iwin Èṣù-kékeré-òde pàdé, wọ́n fi ẹnu jà kí wọ́n tó fi ọwọ́ jà. Iwin Fágúnwà máa ń bèèrè ẹni tó o jẹ́, ọmọ ta ni ọ́, kí lo wá ṣe. Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe, nítorí ẹni tó bá bi ọ́ ní orúkọ ti fẹ́ kí o dáhùn fún ohun tí o ṣe.

Agodi ni mò ń gbé, ibi tí kò jìnnà sí wa sì ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ní orúkọ WNTV, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ọdún márùn-ún ṣáájú kí òpó tẹlifíṣọ̀n yẹn tó dìde, Amos Tutùọlá ti kọ nípa iwin obìnrin kan tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nínú My Life in the Bush of Ghosts. Egbò bo iwin náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ tó sọnù sínú igbó náà máa fi ahọ́n lá egbò òun. Nígbà tí ọmọ náà ń ṣiyèméjì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ọmọ náà sì rí ìyá rẹ̀ nílé. Mi ò tíì rí ohun tó ju èyí lọ nínú ìtàn ẹ̀rù òyìnbó. Iwin náà mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Mo fẹ́ ṣe òtítọ́ sí Lovecraft pẹ̀lú. Alẹ́ kan wà tí ìlú Ìbàdàn rí ohun tí kò ka ènìyàn kún, ìyẹn ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya. Ọmọdé ni mo jẹ́. Ariwo omi náà ni mo rántí jù, ariwo tí kò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà Agodi, tí a ti máa ń lọ wo ẹranko, bà jẹ́. Ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò, omi kò bèèrè ẹ̀sìn tàbí oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí di òní, Òmíyalé ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwa la kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, àwa la da ilẹ̀ sínú rẹ̀, odò sì wá gba ọ̀nà rẹ̀ padà. Àwọn ẹnjiníà sọ ohun kan náà ní èdè tiwọn: odò tí ìdọ̀tí dí, ilé tó wà ní etí omi. Ohun tó dà bí ìjàǹbá tí kò mọ ẹnikẹ́ni, gbèsè ló padà jẹ́.

Ìlú yìí mọ gbèsè. Àwọn èrò Lágelú, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, sá lọ sórí òkè nígbà tí ìlú wọn àkọ́kọ́ tú, èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ níbẹ̀, òkè náà sì pa wọ́n mọ́. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'Badan, a kì í dáná, ọjà kì í ná. Òkè tó dàgbà ju ìlú lọ ni, a sì ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ọba níbí náà kò sì yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé òkúta àti idà Arthur sí Màpó, ìwọ̀nba ni ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án, nítorí Ìbàdàn kì í fi ìyanu jẹ oyè. Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, ipele rẹ̀ sì lé ní ogún ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti ìsàlẹ̀ ni mógàjí ti ń gun un lọ sókè títí yóò fi di Olúbàdàn, gbogbo ìlú ló sì ń ka ìwà rẹ̀ bó ti ń gùn ún. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ ìlú yìí, mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní 1999. Lápitẹ́, ọba inú fíìmù náà, kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀, ó fẹ́ adé láìfẹ́ ìbúra. Bí ìlù saworoidẹ bá dún nígbà tí adé wà lórí ẹni tí kò búra, orí yóò máa fọ́ ọ títí yóò fi kú. Ìlù yẹn kò tóbi tó Cthulhu, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Èsì tí mo padà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo ní kó fún ohun tó wà nísàlẹ̀ adágún ní etí. Kó jẹ́ pé ó gbọ́ ìlérí kan lẹ́nu bàbá Arthur, kó sì máa retí rẹ̀.

"Ṣé kó máa sọ̀rọ̀ ni, Àǹtí?"

Mo ní kò pọn dandan. Kó kàn mọ orúkọ ọba náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ, orí kìíní tó gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá sì ti bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn lálẹ́ Ògùnpa, ní Agodi, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Bẹ́yẹrúnkà, ọ̀pọ̀ yín ti di àgbà báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé kọ nínú ilé yín, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè láti tún un ṣe níbi tí wọ́n bá ti ṣì í.