Ìwé Ìgbà Èwe Lẹ́nu Àwọn Ọ̀rẹ́
Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ tó dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá bá ń bi ara wọn léèrè ìwé tó kọ́kọ́ gbà wọ́n lọ́kàn ní kékeré, kì í pẹ́ tí orúkọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fi ń jáde, ìyẹn ìtàn àròsọ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Nínú rẹ̀ ni Àkàrà-Oògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó, ibi tí ọkọ̀ kankan kò lè gbé ènìyàn dé, síbẹ̀ tí ọkàn ọmọdé tó bá ka ìwé náà ń fà sí.

Nínú irú ìbéèrè báyìí tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń bi ara wọn, èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti ọ̀rọ̀ tó mọ́ni lẹ́nu, ìyẹn gbólóhùn tí ènìyàn ń sọ lemọ́lemọ́ láìfura, bí “àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Fágúnwà ní irú rẹ̀, nítorí pé ó máa ń dá ìtàn dúró láti pe òǹkàwé ní ọ̀rẹ́, ìpè yìí sì lè wọ ọmọ lẹ́nu títí ọjọ́ ogbó, pàápàá bí wọ́n bá ka ìwé náà sókè sí i létí. Kí àwọn òbí máa kà á sókè fún ọmọ wọn.