Kí Lẹ Ti Lò Sí I?

Kò sí ibi tí nọ́ọ̀sì lè sá gbà. Bó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ tó wọ aṣọ ẹbí, tó jókòó ti abọ́ ìrẹsì lábẹ́ kánópì níbi ìgbéyàwó, ẹnì kan á fa àga sún mọ́ ọn: “Áńtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, apá òsì yìí ló ń ro mí láti ìjẹta.” Bó lọ ra ata ní ọjà Bódìjà n’Ìbàdàn, ìyá aláta á ká ìró sókè, á fi orúnkún tó wú hàn án kó tó bu ata sínú ọ̀rá. Àwọn mìíràn á dúró dè é lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, fóònù ló kù.

Ohun tó fà á kò ṣòro ó mọ̀. Dókítà kò tó èèyàn, ìlà ilé ìwòsàn ìjọba gùn, owó káàdì yàtọ̀, owó àyẹ̀wò yàtọ̀, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń san gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú wọn, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dá a dúró lójú títì. Wọ́n tún lè sọ ohun tí wọn ò lè sọ lójú dókítà fún un. Ẹni tí nǹkan ń yún lábẹ́ á ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní kí òun bá a béèrè. Nọ́ọ̀sì ò ní béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà. Á kàn ní, “Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó wá rí mi.”

Ẹni tó ń wò ó lókèèrè lè rò pé orúkọ oògùn ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ èyí tó mọṣẹ́. Ìbéèrè ló fi ń dá ìbéèrè lóhùn. Ta ló ń ṣe? Ọmọ ọdún mélòó ni? Láti ìgbà wo? Lẹ́yìn náà ló máa wá béèrè èyí tó le jù nínú gbogbo wọn: kí lẹ ti lò sí i? Ó le nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí èèyàn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láì tíì gbé nǹkan kan mì. Kẹ́míìsì ti di oríṣi mẹ́ta pọ̀ sínú ọ̀rá kan, ìyá alágbo ti bu ife kan, aládùúgbò ti fi èyí tó ṣẹ́kù lára oògùn tiẹ̀ ṣàánú. Ó tún le nítorí pé wọ́n ti jágbe mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rí nítorí òótọ́ tí wọ́n sọ. Tó bá di ìgbà mìíràn, wọ́n á ní àwọn ò lo nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tí àdúgbò ń sọ dáadáa rẹ̀, bí òótọ́ ṣe ń jáde níwájú rẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ibà. “Áńtí, ibà ló ń ṣe mí, oògùn wo ni kí n lò?” Ẹni tó ń béèrè ti sọ àìsàn lórúkọ tán, oògùn nìkan ló ń wá. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti yọ chloroquine kúrò nípò oògùn àkọ́kọ́ fún ibà, tí wọ́n fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀, torí pé ti àtijọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ran kòkòrò ibà mọ́. Ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni lóògùn ibà, ọmọdé àti àgbà. Àyẹ̀wò náà ò ju ohun tí èèyàn lè jókòó dè lọ. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu orí ìka, á gún un, á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ihò kékeré tó wà lára ike pẹlẹbẹ funfun kan, á kán omi rẹ̀ sí ihò kejì, á sì wo aago. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìlà á yọ níwájú lẹ́tà C. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́. Bí òmíràn bá yọ níwájú T, ó ti rí ibà.

Bàbá tó ń gbọ̀n á wo ìlà kan ṣoṣo, á ní, “Nǹkan yín yìí ti bàjẹ́. Mo mọ ara mi.” Ẹlòmíràn á rí ìlà méjì, á máa ní ṣé òun ò sọ? Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè nọ́ọ̀sì ti wúlò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí, èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, èròjà náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹni tó bá lo oògùn ibà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò sọ, ìlà kejì lè tàn án jẹ, kó tún máa gbé oògùn ibà mì nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń bá a jà. Taifọ́ọ̀dù náà ńkọ́, tí àwọn èèyàn ti so mọ́ ibà bí ìbejì? Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe kiri lè mú ẹni tó ti ní i rí tó sì ti san. Èyí tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ló dájú ju ìyẹn lọ, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n sì fi ń retí rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti lo oògùn apakòkòrò kó tó wá, èyí náà lè má rí nǹkan kan.

“Eyín ló ń hù, òun ló jẹ́ kó máa yàgbẹ́ gbuuru.” Ìyá àgbà ló sábà máa ń sọ èyí, kì í sì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè. Nọ́ọ̀sì ò ní bá a jiyàn. Á ṣàlàyé pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí eyín ń yọ, ìgbà náà ni ọmọ ń kó ohun gbogbo tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà sẹ́nu, ìgbà náà ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí ọmú; ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, á ní kí wọ́n mú ìgò oògùn eyín tí wọ́n ti fún ọmọ wá kí òun rí i. Ìdí wà fún ìyẹn. Ní ìparí 2008, diethylene glycol wà nínú omi oògùn eyín kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ọkọ̀, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. Ohun tí ìyá gbogbo ń ṣe náà ni ìyá wọn ṣe: ọmọ ń sunkún, wọ́n ra oògùn.

Omi ni ọmọ tó ń ṣu nílò ṣáájú ohunkóhun. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tó jẹ́ kí omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí ìyálọ́mọ mọ̀ dáadáa. Ìyẹ̀fun ORS inú ọ̀rá ló dára jù. Bí kò bá sí, lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí ìrotíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má ga ju ẹnu ṣíbí lọ. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í sọ èyí lẹ́nu lásán. Á ní kí ìyá ọmọ wọ̀n ọ́n lójú òun. Ìyá á bu iyọ̀ kún ṣíbí gọngọ. Nọ́ọ̀sì á gba ọ̀bẹ, á gé orí rẹ̀ dànù, á tún pín èyí tó kù sí méjì, á da ìdajì padà sínú abọ́. “Èyí nìkan, ìyá wa.” Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi gbà là. Oògùn zinc á tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 10 sí 14, ọmú ò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Bí ojú ọmọ bá ti jìn, tó ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìgò mìíràn.

Níbi ọ̀rọ̀ gìrì ni ìjágbe ti ń ṣèpalára jù lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù wò, èyí tí wọ́n ń fi ewé tábà, efinrin, aáyù àti àlùbọ́sà sí, tí wọ́n sì ń rọ sí ọmọ lẹ́nu bí gìrì bá gbé e. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú kí èémí rẹlẹ̀. Fojú inú wo ìyá tó sáré gbé ọmọ wọlé, tí ọmọ náà ti dákẹ́ fọ́nfọ́n. Ṣé gìrì ló rẹ̀ ẹ́ ni, àbí àgbo ló mú un? Ìtọ́jú méjèèjì ò rí bákan náà. Nọ́ọ̀sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kí lẹ rọ sí ọmọ lẹ́nu, ẹ̀yin òpònú yìí?” ti pàdánù ìdáhùn. Èyí tó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá. Kí lẹ ti fún un? Mi ò ní bínú,” lè gbọ́ òótọ́, kó tètè wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, kó sì sọ ohun tó gbọ́ fún dókítà.

Bí ara ọmọ bá balẹ̀ tán ni ẹ̀kọ́ tó kù máa wáyé. Bí gìrì bá mú ọmọ, kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, kí wọ́n wo aago. Kò sí ṣíbí lẹ́nu, kò sí iná lẹ́sẹ̀. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Bí kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ti àwọn àgbà tún yàtọ̀. “Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, Nọ́ọ̀sì, mo ti fi oògùn yẹn sílẹ̀.” Oògùn náà ló mú un wálẹ̀, bí wọ́n bá sì dá a dúró, á tún gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí bàbá tára rẹ̀ le fi ń rò pé nọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀rọ dẹ́rù ba òun ni. Kó tó wọ̀n ọ́n, á ní kí bàbá lọ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fara ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìkọ́ra, kó gbé apá lé tábìlì. Kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń nira jù, torí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu wọn nígbà náà. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tó lé ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì á wá béèrè ohun tí wọ́n ń lò sí làkúrègbé. Bàbá ò ní ka ìyẹn kún oògùn. Ó ń rà á ní gáréèjì fún orúnkún rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac wà lára ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ìlú béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé kí àwọn mu omi iyọ̀? Ní Oṣù Keje 2014, ọkùnrin kan láti Làìbéríà gbé Ebola wọ Èkó. Wọ́n bi í nílé ìwòsàn bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tó ní in, ó ní rárá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ò gba ìdáhùn náà gbọ́, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì jẹ́ kó jáde bí wọ́n ṣe fúngun mọ́ ọn tó. Àrùn náà pa dókítà yìí ní Oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú nínú wọn. Ní Oṣù Kẹjọ kan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń fò láti orí fóònù dé orí fóònù lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má bàa mú un. Àwọn kan mu ún, àwọn kan sì kú. Ẹni tó pe nọ́ọ̀sì kó tó gbé ife sẹ́nu rí ìdáhùn kúkúrú gbà: “Ẹ má mu ún.” Ẹni tó pè lẹ́yìn tó ti mu ún, ìbéèrè ló ń dúró dè é: ṣíbí mélòó? Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀?

Àwọn ìbéèrè kan ò ṣeé dáhùn lójú títì rárá. Aboyún tí orí ń fọ́ gan-an, tí ojú rẹ̀ wú, tó ń rí ìràwọ̀ lójú, kò yẹ kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ kọjá “Ta ló máa tẹ̀ lé yín lọ sílé ìwòsàn?” Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára aboyún, àyà tó ń fún ni mọ́ra, apá àti ẹsẹ̀ apá kan tó ṣàdédé kú. Nọ́ọ̀sì tó bá dúró ṣàlàyé nílé kí gbogbo ìdílé lè gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fi àkókò tí ọkọ̀ ì bá fi gbé aláìsàn lọ ṣòfò.

Ẹni tó bá wá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò rẹ̀, kó kó ohun gbogbo tó ti lò sínú ọ̀rá kan: páálí oògùn, ìwé àyẹ̀wò, ìgò àgbo, títí kan èyí tí ọmọ ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti abúlé. Kó ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n, kó sì sọ ọjọ́ tó dá wọn dúró. Bí ìgò kan ò bá ní orúkọ lára, kó mú un bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀, á sì béèrè ìyókù.