Ìràwọ̀ Pupa Kútọnu
Lọ́dún 1990, lẹ́yìn ìpàdé àpapọ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n yọ ìràwọ̀ pupa kúrò lára àsíá wa, wọ́n dá aláwọ̀ mẹ́ta ọdún 1959 padà. Ṣùgbọ́n oríta Étoile Rouge (Ìràwọ̀ Pupa) ní Kútọnu, wọn ò wó òpó ibẹ̀. Ní Riga, olú ìlú Latvia, lọ́dún 2022, wọ́n wó òpó ìṣẹ́gun ayé Sófíẹ̀tì lulẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ojú wọn rí màbo lábẹ́ Sófíẹ̀tì. Àmọ́ inú mi dùn pé tiwa ṣì dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú Avrankou tó ń gbabẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà zémidjan, a kò tíì bí wọn nígbà tí Ààrẹ Kérékou kéde ìlànà Marx àti Lenin ní 1974. Ẹ̀yin àgbà tó rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn.